Ọ̀sẹ̀ Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Bí Michael Faraday Ti Ń Ná Ọjọ́ Méje Rẹ̀

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá lé eku méjì pọ̀ yóò pòfo. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa, tí ó jẹ́ pé bí a bá fi ọwọ́ kan di iṣẹ́ òòjọ́ mú, tí a fi èkejì di ti ẹgbẹ́ àti ti ìjọ, kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì, ọ̀kan á ti bọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, ọkùnrin kan gbé ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí eku rẹ̀ ju méjì lọ, tí ó sì pa wọ́n: Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ owú, ọmọ ewìrì, ọmọ a-fi-iná-tẹ-irin-lórí-ba, ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ ń ké nínú gbogbo jẹnẹrétọ̀ tí ó wà lẹ́yìnkùlé wa lónìí.

Ọjọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1791 ni a bí i, sí ilé òtòṣì. Baba rẹ̀ ń rọ irin, ṣùgbọ́n àìsàn kì í jẹ́ kí ó rọ ọ́ tó bí ó ti fẹ́. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà tó ẹni tí ń kọ́ṣẹ́, wọ́n fi í sọ́dọ̀ ẹnìkan tí ń rán ìwé pọ̀ tí ń lẹ èèpo mọ́ ọn, ó sì lo ọdún méje níbẹ̀. Ìwé tí àwọn ẹlòmíràn gbé wá pé kí ó rán, òun a kọ́kọ́ kà á. Ní 1812, oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì kí ó lọ gbọ́ àsọyé Humphry Davy, àgbà onímọ̀ kẹ́místrì ìgbà náà, ní ilé ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Royal Institution ní òpópó Albemarle. Faraday kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an ní ìwé, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Davy. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1813, wọ́n gbà á sí iṣẹ́ nínú ilé náà. Níbẹ̀ ni ó gbé fún ọdún tí ó súnmọ́ àádọ́ta, òun àti ìyàwó rẹ̀ Sarah ní òkè, iṣẹ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kò lè gba gbogbo ohun tí ó ń ṣe. Nítorí náà, n ó ṣa àwọn ọjọ́ jọ láti inú ọdún púpọ̀, n ó sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Kí ọjọ́ Ajé wa jẹ́ ọjọ́ 29, oṣù kẹjọ, ọdún 1831.

Ní ọjọ́ náà, Faraday gbé òrùka irin kan sórí tábìlì ní yàrá ìwádìí rẹ̀. Òrùka náà nípọn, ó sì fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́fà láti ìhín dé ọ̀hún. Ó ti wé wáyà bàbà mọ́ apá kan rẹ̀ ní ìpele ìpele, ó sì ti fi òwú àti aṣọ sáàárín wọn kí bàbà má baà kan bàbà, nítorí pé láyé ìgbà náà kò sí wáyà tí a wọ ẹ̀wù rọ́bà fún bí tòde òní. Ó wé wáyà mìíràn mọ́ apá kejì, wáyà méjèèjì kò sì fara kan ara wọn rárá. Ti ìhín ni yóò so mọ́ bátìrì. Ti ọ̀hún ni ó nà dé ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ òòfà kan. Bí ó ti fi wáyà kan bátìrì, abẹ́rẹ́ fò. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti padà sí ààyè rẹ̀. Bátìrì ṣì ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ kò mira mọ́. Bí ó sì ti yọ wáyà kúrò, abẹ́rẹ́ tún fò. Ohun tí abẹ́rẹ́ ń wí ni pé kì í ṣe wíwà tí agbára òòfà wà ní ń bí iná mànàmáná, bí kò ṣe yíyí tí ó bá ń yí padà. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, ọjọ́ Ajé náà ni, ó ti òòfà gbọọrọ kan bọ àárín wáyà tí ó wé róbótó, ó sì rí i pé bí òòfà bá ti ń wọlé, tí ó ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni iná ń sáré nínú wáyà. Ẹni tí ó bá fi epo yí òòfà bẹ́ẹ̀ ti ṣe jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí ó bá fi omi yí i ti ṣe ohun tí a ṣe sí ìsédò Kainji.

Ẹnìkan ṣoṣo ni ó máa ń ràn án lọ́wọ́ nísàlẹ̀ níbẹ̀, Charles Anderson, sájẹ́ǹtì ológun àtijọ́, tí wọ́n gbà láti máa ṣọ́ iná ìléru. Ìgbọ́ràn ọkùnrin yìí pọ̀ débi pé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀rẹ́ Faraday ti máa ń rò ó, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ gbàgbé láti sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé kí ó máa lọ sílé, ilẹ̀ mọ́ bá a níbi tí ó ti ń koná. Ẹlòmíràn tí ó ń wọ yàrá náà ni ọmọbìnrin kékeré kan nínú ẹbí, nítorí pé Ọlọ́run kò fún Faraday àti Sarah ní ọmọ tiwọn. Ọmọ náà a mú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá, a jókòó jẹ́ẹ́. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, bàbá a mi orí sí i, tàbí kí ó ju ègé potassium sínú omi fún un kí ó fi ṣeré, nítorí pé irin rírọ̀ yìí a máa gbiná bí ó bá kan omi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ni àwọn iṣẹ́ ìta máa ń pọ̀ sí. Láti 1830 sí 1851, ó ń lọ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ológun ní kẹ́místrì ní Woolwich. N kò ní dúró pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé èyí tí ó wù mí jù ni ti Trinity House, àwọn tí ń bójú tó ilé ìmọ́lẹ̀ etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jẹ́ olùdámọ̀ràn wọn láti 1836. Bí èéfín àtùpà bá ń bo gíláàsì lójú, òun ni wọ́n ń pè. Ó ṣe ihò èéfín kan fún un tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀tọ́ àti èrè rẹ̀ ni ó sì fi fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá iná mànàmáná lè rọ́pò epo ní South Foreland, lẹ́bàá ìlú Dover, ẹ̀rọ tí wọ́n sì gbé lọ síbẹ̀ jẹ́ ọmọ ohun tí ó rí ní ọjọ́ Ajé tí a sọ lókè yìí. Ní oṣù kejì ọdún 1860, bí ó ti ń lọ wò ó, òjò dídì fẹ́rẹ̀ẹ́ sin ọkọ̀ ojú irin mọ́ ọn lórí. Kò lè dé ibẹ̀, ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, ó tún gbéra. Òjò dídì ṣì dí ọ̀nà, ni bàbá ẹni ọdún 68 bá sọ̀ kalẹ̀, ó ń gun ọgbà, ó ń fo ògiri, ó ń la oko kọjá lóru títí ó fi dé ìdí ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ṣùgbọ́n ojúlówó ọjọ́ Ẹtì ilé náà ni àsọyé alẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní nǹkan bí 1826, tí èyí tí ó tẹnu rẹ̀ jáde nínú rẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. A kò bí ọ̀rọ̀ sísọ mọ́ ọn. Ó sanwó fún olùkọ́ tí ó kọ́ ọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ ní gbangba. Nígbà tí ó di ọ̀gá tán, kò yéé ṣọ́ ara rẹ̀: ó ní páálí kan tí ó kọ ọ̀rọ̀ sí pé kí ó rọra, Anderson a sì gbé e sí iwájú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti ń sáré jù, òmíràn tún wà tí ń sọ fún un pé àkókò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Bí Kérésìmesì bá sì dé, àwọn ọmọdé ni ó ń kó jọ, ìgbà 19 ni ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan tí ó lókìkí jù nínú ohun tí ó fi hàn wọ́n ni àbẹ́là lásán. A pa àbẹ́là, èéfín funfun ń gòkè. Ó na iná sí èéfín náà lókèèrè, iná sì sáré gba inú èéfín padà sí orí òwú, láìjẹ́ pé ọwọ́ kan òwú rárá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣe mọ̀ pé oru tí ń ti inú ìda jáde ni ń jó. Ní 1855, ọkọ Ọbabìnrin Victoria mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a lè fi fún ìgbafẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbafẹ́ ẹni yìí a máa di iṣẹ́. Ní ọjọ́ keje, oṣù keje, 1855, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames, ó rí i pé omi náà ti di ẹrẹ̀ tí ń rùn. Ó ya páálí funfun sí wẹ́wẹ́, ó rẹ ẹ́ kí ó lè rì, ó sì ń sọ ọ́ sínú odò ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí páálí tó rì tó ínǹṣì kan, ojú kò rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ òòrùn ń ràn. Ó padà sílé, ó kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn The Times ní ọjọ́ náà gan-an, láìsí ẹni tí ó rán an níṣẹ́, láìsí ẹni tí ó sanwó fún un. Ní àwọn Àbámẹ́ta tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọgbà ẹranko ni ó fẹ́ràn, níbi tí ọ̀bọ ti máa ń pa á lẹ́rìn-ín títí omijé á fi bọ́. Ó sì kọ́ bí a ti ń gun kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan yípo inú gbọ̀ngàn àsọyé rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ sì wó o lulẹ̀, tí ó ní láti lọ sinmi ní Siwitsalandi ní 1841, ní ìdí àgbẹ̀dẹ àwọn tí ń rọ ìṣó ni ó ti dúró tí inú rẹ̀ ń dùn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun fẹ́ràn ilé àgbẹ̀dẹ, nítorí pé alágbẹ̀dẹ ni baba òun. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Níbo ni ó ti rí àyè? Èrò tèmi ni pé ilẹ̀kùn tí ó tì ni ó fún un láyè, kì í ṣe èyí tí ó ṣí. Kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sí àsè àwọn ọlọ́lá. Owó ńkọ́? John Tyndall, tí ó bá a ṣiṣẹ́, yẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ wò: ní 1830, iṣẹ́ tí ó ń bá àwọn oníṣòwò ṣe mú ohun tí ó lé ní £1,000 wọlé, ní 1832, lẹ́yìn tí ó ti rí iná inú òrùka, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí £155 àti ṣílè mẹ́sàn-án. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dá iṣẹ́ àwọn oníṣòwò náà padà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe ààrẹ Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ̀.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí ó ti kọ́ ìkọ̀sílẹ̀ yìí bí a bá tẹ̀ lé e ní ọjọ́ Àìkú. Ìjọ kékeré kan ni tirẹ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn Robert Sandeman, ará Scotland. Inú ìdílé ọmọ ìjọ náà ni wọ́n bí i sí, nínú ìjọ náà ni ó ti rí Sarah, oṣù kan lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn ní 1821 ni ó sì dúró jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Wọn kì í san owó oṣù fún àlùfáà kankan. Ẹ̀kọ́ wọn kò sì gbà kí ènìyàn máa to ìṣúra jọ sílé ayé. Bí wọ́n bá jọ́sìn ní òwúrọ̀, wọ́n á jọ jẹun ọ̀sán pọ̀, olówó àti tálákà, wọ́n á sì tún padà sí ìsìn fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa; ní alẹ́ Ọjọ́rú ẹ̀wẹ̀, ìpàdé wà. Wọ́n fi í jẹ díákónì ní 1832 àti alàgbà ní 1840, èyí tí ó túmọ̀ sí pé òun náà yóò máa wàásù, yóò máa bẹ aláìsàn àti aláìní wò, yóò sì máa rin ìrìn àjò lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ní ìlú mìíràn. Ní 1844, ìjọ yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà á padà, ṣùgbọ́n ó di 1860 kí ó tó tún jẹ alàgbà. Ìtàn tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn ni pé ó lọ bá Ọbabìnrin jẹun ní ọjọ́ ìsìn. Ìtàn náà dùn, àmọ́ wọ́n yọ àwọn ará mìíràn pẹ̀lú rẹ̀ nígbà kan náà, n kò sì gbọ́ pé Ọbabìnrin pe àwọn náà wá jẹun; aáwọ̀ inú ìjọ lórí ìbáwí ni ó jọ pé ó fà á. Tyndall, tí kò gba ohun tí wọ́n ń wàásù níbẹ̀ gbọ́, kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀ pé omi tí Faraday ń mu ní ọjọ́ Àìkú ni ó ń tù ú lára di ìparí ọ̀sẹ̀.

Láti nǹkan bí 1840 ni ìgbàgbé ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìgbàgbé yìí ni ó sì wá tú àwọn ẹrù náà kúrò lórí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1861, ó fi àsọyé àwọn ọmọdé sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kẹfà 1862, ó sọ àsọyé alẹ́ ìkẹyìn, lórí iná ìléru. Ní 1864, ó gbé oyè alàgbà kalẹ̀. Ní 1865, ó fi iṣẹ́ ilé ìmọ́lẹ̀ etí òkun sílẹ̀, Tyndall sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.