Damilola àti Adam: Kí ló dé tí ọlọ́pàá London fi rí ẹni mú lórí ikú ọ̀kan, tí ti èkejì ṣì wà nínú òkùnkùn?

Láàárín oṣù mẹ́wàá péré, ikú ọmọdé méjì tó tan mọ́ Nàìjíríà mi ìlú London tìtì. Ní ọjọ́ 27, oṣù kọkànlá, ọdún 2000, Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10 tí wọ́n bí ní Èkó, ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé kan ní Peckham, ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001, wọ́n rí ara ọmọkùnrin kékeré kan tó ń léfòó lórí odò Thames, nítòsí afárá Tower Bridge. Kò ní orí, kò ní apá, kò ní ẹsẹ̀. Ọlọ́pàá ìlú kan náà ló gba ẹjọ́ méjèèjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́fà kí ilé ẹjọ́ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ikú Damilola, ṣùgbọ́n wọ́n dá wọn lẹ́bi. Ní ti ọmọ inú odò, tí àwọn ọlọ́pàá sọ ní Adam, kò sẹ́ni tó tíì fojú ba ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn pé ó pa á.

Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ìpànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pín in sí ọ̀nà méjì. Èyí tó yanjú, a ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gbọ́n tàbí ẹ̀rọ ìgbàlódé ló yanjú rẹ̀. Èyí tí kò yanjú, a ní apànìyàn náà gbọ́n ju ọlọ́pàá lọ. Ẹjọ́ méjì yìí kò gba àlàyé bẹ́ẹ̀. Sáyẹ́ǹsì tí wọ́n lò fún Adam jinlẹ̀ ju èyí tó tú àṣírí ikú Damilola lọ fíìfíì, síbẹ̀ ti Adam ló dúró lójú kan. Ohun tí Damilola ní tí Adam kò ní ni orúkọ, àti àwọn ènìyàn tó ń béèrè rẹ̀. Bí kò bá sí ìyẹn, kò sí ilé àyẹ̀wò tó lè parí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn bàtà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Peckham. Damilola kò tíì pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kẹjọ ọdún 2000 ló dé. Ilé ìkàwé Peckham ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, níbi tó ti lọ kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ilé ìwé. Kámẹ́rà ká a mọ́ bó ṣe ń fò sókè-sódò sọdá gbàgede iwájú ilé ìkàwé náà. Kò pẹ́ sígbà náà tí àfọ́kù ìgò gé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú itan rẹ̀ òsì. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé orí àtẹ̀gùn ilé alájà kan, ibẹ̀ ni okun sì ti tán nínú rẹ̀. Ọlọ́pàá tètè kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, wọ́n gba aṣọ àti bàtà wọn, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ìjọba. Ilé àyẹ̀wò dáhùn pé kò sí ohun tí àwọn rí. Nígbà tí ẹjọ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Old Bailey ní ọdún 2002, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tí wọ́n fi orúkọ "Bromley" bò láṣìírí ni agbẹjọ́rò ìjọba gbójú lé. Adájọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbára lé, ó ní kí àwọn júrì má kà á sí. Kí oṣù kẹrin ọdún náà tó parí, gbogbo ọmọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ti gba ìdáǹdè.

Ẹjọ́ ẹlòmíràn ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Richard àti Gloria Taylor kò káwọ́ gbera. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ lórúkọ ọmọ wọn, wọ́n ń lọ bá olóṣèlú, wọ́n ń lọ bá ọlọ́pàá, wọn kò sì jẹ́ kí àwọn oníròyìn gbàgbé. Nígbà tó yá, ọlọ́pàá kó àwọn ẹ̀rí náà jáde, wọ́n gbé wọn fún ilé àyẹ̀wò aládàáni kan pé kí wọ́n tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàtà káńfáàsì kan wà níbẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba látọjọ́ yìí. Ní gìgísẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ kan tó fẹ̀ tó mìlímítà 9, bí èékánná ọmọdé. Ẹ̀jẹ̀ Damilola ni, fọ́nrán òwú láti ara aṣọ rẹ̀ sì gan mọ́ inú ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n tún rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ létí ọwọ́ súwẹ́tà kan. Danny Preddie ló ni bàtà, Rickie Preddie ló ni súwẹ́tà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, wọn kò sì sí lára àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ méjì ní ọdún 2006, júrì dá wọn lẹ́bi pé wọ́n ṣekú pa ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbà pé wọ́n pète àtipa á. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ-mẹ́jọ ni adájọ́ dá fún wọn.

Ohun tó yẹ kéèyàn fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun ló rí ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ojú lásán lè rí àbàwọ́n tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 2007 lórí ohun tó fà á tí ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò fi rí i, àṣìṣe ènìyàn ni ó pè é. Bàtà náà kò yí padà láti ọdún 2000 dé ọdún 2005, ọ̀nà tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ mọ̀ sì ti wà tipẹ́. Ohun tó yí padà ni pé ẹnìkan kọ̀ láti gba "a kò rí nǹkan kan" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn.

Egungun tó sọ̀rọ̀, tí kò dárúkọ

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe lórí Adam. Dókítà sọ pé ọmọ bí ọdún mẹ́rin sí méje ni. Ṣòkòtò pénpé aláwọ̀ ọsàn ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n tọpa àmì rẹ̀ dé Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń tà á. DNA rẹ̀ tọ́ka sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ òkúta wọ̀ ọ́. Omi tí à ń mu àti oúnjẹ tí à ń jẹ máa ń gbé èròjà bíi strontium láti inú òkúta àti ilẹ̀ ibi tí a ń gbé wọ inú egungun wa, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọlọ́pàá London wá sí Nàìjíríà, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀, wọ́n kó òkúta, wọ́n tilẹ̀ mú lára ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà, kí wọ́n lè fi wé egungun ọmọ náà. Ibi tó bá a mu jù lọ ni agbègbè tó lọ láti Ìbàdàn dé Ìlú Benin. Nínú ìfun rẹ̀, wọ́n rí ẹ̀wà olóró tí wọ́n ń pè ní esere ní ìhà Calabar. Ẹni tí kò ní orí, tí kò ní ìka tí wọn ì bá fi tẹ̀ka, ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé ìhà ilé rẹ̀ yìí. Iṣẹ́ ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló mọ. Gbogbo ohun tí ilé àyẹ̀wò lè ṣe ni kó fi nǹkan kan wé òmíràn: ẹ̀jẹ̀ ara bàtà wé ẹ̀jẹ̀ ẹni tó kú, DNA ọmọ wé ti ìyá. Wọ́n ní DNA Adam. Wọn kò rí ìyá tí wọn yóò fi wé. Kò sí ilé ìwé tó ní akẹ́kọ̀ọ́ òun ló sọnù, kò sí aládùúgbò tó ní òun kò rí ọmọ kan mọ́, kò sí ẹbí kan ní London tàbí ní Nàìjíríà tó jáde wá pé tiwa ni. Nelson Mandela fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ní ọdún 2002 pé kí ẹni tó bá mọ ohunkóhun sọ ọ́. Kò so èso. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan máa bẹ̀rù. Ó sì ṣeé ṣe kí òbí kan máa rò pé ọmọ òun wà láàyè lókè òkun, pé ilé ìwé ló ń lọ.

Níbi tí kò bá ti sí ènìyàn, ìtàn ni yóò gba ipò rẹ̀. Kíákíá ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ "muti", oògùn ìbílẹ̀ tó jẹ́ ti gúúsù Áfíríkà, bí ẹni pé gbogbo Áfíríkà jẹ́ abúlé kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi àwọ̀ ṣòkòtò ọmọ náà wá Ọ̀ṣun. Etí odò Thames kan náà ni wọ́n ti rí àbẹ́là méje tó jó dé ìdajì, tí wọ́n wé sínú aṣọ funfun tí wọ́n kọ orúkọ Yorùbá sí. Ojú àwọn oníròyìn là. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun rí ì bá ti sọ fún wọn pé àdúrà nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tọpa orúkọ náà dé New York, wọ́n rí i pé ẹni tó ń jẹ́ ẹ wà láàyè, ara rẹ̀ le: àwọn òbí rẹ̀ ní London ló ń dúpẹ́ pé ọmọ àwọn kò bá ìkọlù ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án lọ. Mi ò sọ pé kò sí ẹni tó ń fi ènìyàn ṣe oògùn. Ó wà, a sì mọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí a kò bá mọ ẹni tí ọmọ jẹ́, a kò lè mọ ẹni tó gbé e wá, àwíjàre lórí òrìṣà kankan kò sì lè dípò ìyẹn.

Ṣé ẹnu ènìyàn ṣeé gbára lé?

Ẹnìkan lè sọ pé ènìyàn gan-an ló ń ba ẹjọ́ jẹ́. Òótọ́ ni. Ní Cardiff, ní oṣù kejì ọdún 1988, wọ́n gún Lynette White, ọmọ ogún ọdún, pa. Àwọn ẹlẹ́rìí wá parọ́, ọlọ́pàá fínná mọ́ afurasí kan títí ó fi sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, wọ́n sì sọ àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sẹ́wọ̀n ní ọdún 1990. Ọdún méjì ni wọ́n lò kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó tú wọn sílẹ̀. DNA ló padà mú Jeffrey Gafoor, ẹni tó gbà ní ọdún 2003 pé òun ni òun pa á. Nínú ọ̀rọ̀ Adam pàápàá, obìnrin kan dárúkọ ọmọ náà fún àwọn oníròyìn ní ọdún 2011, ó sì fi fọ́tò hàn. Wọ́n padà rí i pé ẹni inú fọ́tò náà ṣì wà láàyè. Nítorí náà, ẹnu lásán kò tó, ó ní láti gba abẹ́ àyẹ̀wò kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ Gafoor: orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àkójọ DNA ọlọ́pàá. Ọmọ ọdún 14 kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, tí wọn kò tíì bí nígbà tí ìpànìyàn náà ṣẹlẹ̀, ló wà níbẹ̀. Ẹbí ni ẹ̀jẹ̀ náà gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé fi ń yin DNA jù lọ sọ ohun kan náà. Colin Pitchfork, òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì ní Leicestershire, pa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 méjì, Lynda Mann ní ọdún 1983 àti Dawn Ashworth ní ọdún 1986. Ìmọ̀ tí Alec Jeffreys ṣàwárí ní Yunifásítì Leicester kọ́kọ́ yọ ọmọkùnrin kan tó ti jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Ọlọ́pàá wá ní kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin agbègbè náà wá fún àwọn ní ẹ̀jẹ̀. Pitchfork lẹ fọ́tò òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà tirẹ̀, ó ní kó lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lórúkọ òun. Àyẹ̀wò náà kọjá lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń mutí ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ jáde ní ọdún 1987, obìnrin kan tó gbọ́ ọ sì lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ní oṣù kìíní ọdún 1988 ni Pitchfork gba ẹ̀wọ̀n gbére. DNA ló fìdí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ẹnu obìnrin yẹn ló gbé e dé ibi tí DNA ti lè rí i mú.

Àwọn mìíràn yóò ní ká ṣáà ní sùúrù, pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ogún ọdún ti kọjá lórí Adam. Òtítọ́ kì í dá rìn; ẹni tó bá ń wá a ló ń bá a rìn. Àtakò tó le jù ni pé orí ló bá Damilola ṣe é: bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó mọ̀wé, àwòrán ọmọ náà nínú aṣọ ilé ìwé wà nínú gbogbo ìwé ìròyìn, olórí ìjọba dá sí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún orí.

Ọmọ 300 tí kò padà sí kíláàsì

Nígbà tí ọlọ́pàá ń wá ẹni tí Adam jẹ́, wọ́n bi àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ London pé mélòó nínú àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó wà láàárín ọdún mẹ́rin sí méje ni kò wá sí ilé ìwé mọ́ láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Èsì tó jáde fún aráàlú ní ọdún 2005 ni 300. Ọmọ Áfíríkà ni 299 nínú wọn. Méjì péré ni ọlọ́pàá lè tọpa rẹ̀. Èyí kò sọ pé nǹkan ṣe àwọn tó kù. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn ti kó lọ sí ibòmíràn tàbí kí wọ́n ti padà sílé. Ohun tó sọ ni pé ọmọ lè pòórá nínú ìlú tó kún fún kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, kí ó má sì sí ìwé kankan tó béèrè ibi tó gbà lọ.

Láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú ni àwọn òbí Nàìjíríà tó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbé ọmọ fún alágbàtọ́, àwa náà sì máa ń fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìbátan lókè òkun láìṣẹ̀ṣẹ̀ bi ìjọba. Inú ire la fi ń ṣe é. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá máa wà lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rí òfin yìí bí ìyọlẹ́nu. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wọ ìwé ìjọba bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwé yóò fi béèrè ọmọ, òun náà ni ọlọ́pàá yóò mú lọ sí ilé àyẹ̀wò bí aburú bá ṣẹlẹ̀. Ìjọba tó bá fẹ́ kí ìpànìyàn máa yanjú ní láti tọ́jú bàtà àti aṣọ tó gbà sọ́wọ́ dáadáa, kó sì jẹ́ kí ojú kejì yẹ̀ wọ́n wò kó tó sọ pé òun kò rí nǹkan. Iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ wa ni pé kí ọmọ tó bá kúrò lọ́dọ̀ wa ní ẹni tó ju ẹyọ kan lọ tó mọ orúkọ rẹ̀, tó mọ ibi tó wà, tí yóò sì pariwo lọ́jọ́ tí kò bá gbúròó rẹ̀.