Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Àwòrán Ìrìn-àjò

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, àwa àti àwọn àgbà tí ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wa lọ wo Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àtẹ̀gùn tí a fi ń gun òkè náà lé ní 600. Màmá kan wà láàárín wa tí ó ń ta ata lọ́jà. Òun ni ó dàgbà jù nínú kíláàsì. A ní kí ó dúró dè wá nísàlẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ta ni ẹ fẹ́ fi sílẹ̀?" Ó ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi, ó tún ń gùn ún, títí ó fi dé ìlú àtijọ́ tí ó wà lórí òkè. A fi fóònù wa ya àwòrán rẹ̀ níwájú ààfin àtijọ́. Gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ hàn.

A fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Nígbà tí ó yá, fóònù wa kún. A pa àwọn àwòrán Ìdànrè rẹ́ kí àyè lè wà. A rò pé kò sí ohun tí ó sọnù, nítorí èyí tí a fi ránṣẹ́ ṣì wà.

Ní ọdún kejì, Màmá jáde láyé. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá wa. Wọ́n ní, "Tíṣà, àwòrán orí òkè yẹn ni a fẹ́. Ẹ bá wa sọ ọ́ di ńlá, kí a gbé e kọ́ sí pálọ̀." A gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tẹ àwòrán. Nígbà tí ó jáde, ojú Màmá ti di bàìbàì. A kò mọ ibi tí ètè rẹ̀ parí sí, a kò mọ ibi tí eyín rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bi wa ni. Àìmọ̀ ni ó fà á. Nítorí náà ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà.

Kí ni àwòrán inú fóònù?

Àwòrán inú fóònù kì í ṣe ọ̀dà, kì í sì í ṣe bébà. Àmì kéékèèké ni. Àmì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Bí a bá to ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀, ojú wa yóò rí ènìyàn, yóò rí igi, yóò rí òkè.

Àwòrán tí fóònù wa yà ní àmì 4000 ní ìbú, ó sì ní 3000 ní òró. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 4000 lọ́nà 3000 jẹ́ mílíọ̀nù 12. Ṣùgbọ́n WhatsApp máa ń dín àwòrán kù kí ó lè tètè lọ, kí ó má sì jẹ dátà púpọ̀. Èyí tí Màmá rí gbà ní àmì 1600 péré ní ìbú.

Àwọn ọmọ Màmá fẹ́ àwòrán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 20. Bí a bá pín 4000 sí ọ̀nà 20, ínǹṣì kọ̀ọ̀kan yóò ní àmì 200. Ìyẹn ì bá dára. Ṣùgbọ́n bí a bá pín 1600 sí ọ̀nà 20, àmì 80 péré ni yóò kan ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ojú Màmá fi di bàìbàì.

Oríṣi àwòrán

Fóònù àti kámẹ́rà ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa àwòrán mọ́. Ẹ jẹ́ kí a mọ mẹ́rin nínú wọn.

JPEG: A ń kà á ní jéépẹ́ẹ̀gì. Láti ọdún 1992 ni ó ti wà, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń yọ àwọn nǹkan tí ojú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rí kúrò, kí àwòrán lè fúyẹ́. Àwòrán tí ì bá gba MB 36 lè wá gba MB 4 tàbí 5 péré. Ó dára fún fífi ránṣẹ́, ó sì dára fún títẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti yọ kúrò kò tún padà mọ́. Nígbàkígbà tí a bá tún JPEG ṣe, tí a sì tún un pa mọ́ ní JPEG, díẹ̀ nínú rẹ̀ tún lọ. Kí ẹ má bẹ̀rù o: bí ẹ bá kàn ṣí i wò, tàbí tí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti inú fóònù sínú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tí ó dín.

RAW: Ìtumọ̀ orúkọ yìí ni "tútù." Àwòrán tí kámẹ́rà kò tíì sè ni. Ẹni tí ó ní iṣu tútù lè sè é, ó lè sun ún, ó lè fi ṣe àsáró, ó sì lè gún un níyán. Ṣùgbọ́n iyán tí a ti gún kò lè padà di iṣu. RAW ni iṣu, JPEG ni iyán.

Ẹ wo bí ó ti rí lórí Òkè Ìdànrè. Àpáta dúdú, ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ yòò. Láti ibi dúdú pátápátá dé ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù, JPEG ní àtẹ̀gùn 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. RAW inú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ní 4096, àwọn mìíràn sì ní 16384. Nítorí náà, bí ojú ènìyàn bá ṣókùnkùn lábẹ́ òjìji, RAW ń fún wa ní àyè láti mú ìmọ́lẹ̀ bá a. Síbẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti fọ́ pátápátá, tí ó di funfun báláú, RAW pàápàá kò lè dá a padà. RAW tún tóbi ju JPEG lọ ní ìlọ́po méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A sì gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ó ní irinṣẹ́ rẹ̀ sè é kí a tó lè fi ránṣẹ́ sí ènìyàn.

HEIC: Láti ọdún 2017 ni iPhone ti ń lò ó. Kì í gba àyè tó JPEG, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpútà kan kò lè ṣí i. Bí èyí bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ lè yí ètò kámẹ́rà padà sí JPEG.

PNG: Kì í yọ nǹkan kan kúrò. Ó dára fún ohun tí a kọ, bí ìwé ọkọ̀ tàbí ojú fóònù tí a yà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi pa àwòrán ènìyàn àti òkè mọ́, yóò tóbi jù.

Èwo ni kí a yàn?

Bí ó bá jẹ́ fóònù nìkan ni ẹ ní, ẹ lo JPEG, kí ẹ sì yàn án ní èyí tí ó tóbi jù. Ó tó. Bí ẹ bá ní kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì ní àkókò láti jókòó tì í, ẹ lo RAW. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà lè ya méjèèjì pọ̀: ẹ ó fi JPEG ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ náà, ẹ ó sì pa RAW mọ́.

Ètò iṣẹ́

1. Ní alẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ kó àwòrán ọjọ́ náà sí ibi méjì, bí kọ̀ǹpútà àti fláàṣì. Ẹ má kó méjèèjì sínú àpò kan náà. Bí olè bá gbé ọ̀kan, èkejì á kù.

2. Ẹ má pa ti inú fóònù rẹ́ títí ẹ ó fi ṣí ti ibi méjèèjì, tí ẹ sì fi ojú ara yín rí i.

3. Ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọdún sí ara fóódà, èyí ni àpò tí àwòrán wà nínú kọ̀ǹpútà. Ojú ń gbàgbé, ìwé kì í gbàgbé.

4. Ẹ ṣe ẹ̀dà èyí tí ẹ fẹ́ tún ṣe. Ẹ̀dà ni kí ẹ fọwọ́ kàn, ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó.

5. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ kí ó má wọ́, kí ẹ sì gé etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe, kí ẹ tó tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Mímú kí ojú rẹ̀ dá ṣáká ni kí ó kẹ́yìn. Ẹ má ṣe é ní àṣejù. Ènìyàn dúdú ni wá, ẹ má fi fóònù bó ara ẹnikẹ́ni.

6. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ pa á mọ́ ní JPEG lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú orúkọ tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìjẹ́ pé ó dín kù, ẹ fi í ránṣẹ́ láti ibi tí wọ́n kọ Document sí.

Bí ẹ bá ṣe báyìí, tí ẹ̀dà bá bàjẹ́, kò sí wàhálà. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ẹ ó padà sí ọ̀dọ̀ ojúlówó, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ní ti Màmá wa, a tún àwòrán rẹ̀ tẹ̀ ní ínǹṣì 5. Bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ṣe hàn. Ó wà ní pálọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ báyìí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọn kò sì bá wa wí. Ṣùgbọ́n ó kéré. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹ̀rín Màmá gbọ́dọ̀ dìde lórí àga, kí ó sún mọ́ ògiri.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó mú kí ojú Màmá di bàìbàì nígbà tí a kọ́kọ́ tẹ àwòrán rẹ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín RAW àti JPEG?
3. Ẹ wo inú fóònù yín lónìí. Àwòrán ta ni ó wà níbẹ̀ tí ẹ kò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn?