Ẹ̀yìn Ríro Tí Ń Ta Dé Ẹsẹ̀: Oògùn Ìwúlé Ni Tàbí Ìtànṣán Lésà?

Ẹ̀yin ará Yaba, ẹ̀yin aláàárù tí ẹ ń ru ẹrù wọ ọjà Tẹjúoṣó láti ìdájí, ẹ̀yin awakọ̀ dáńfó tí ẹ ń jókòó pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àti ẹ̀yin aránṣọ tí ẹ ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ̀yin ni a kọ ìwé kékeré yìí sí, nítorí àìsàn kan wà tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀yìn ríro lásán, tí yóò gba ìbàdí sọ̀ kalẹ̀ sí itan, tí yóò sì máa ta bí iná dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, títí ẹni tí ó ń ṣe kò fi ní lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà rẹ̀ nílẹ̀. Ní Èkó akété ilé ọgbọ́n, jẹ̀díjẹ̀dí ni a sábà máa ń kọ́kọ́ pè é, a ó sì wá àgbo lọ. Ṣùgbọ́n inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni àìsàn yìí ń gbé.

Ọmọ eegun ni Ẹlẹ́dàá tò léra wọn tí ó di ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì fi ìrọ̀rí 23 tẹ́ sáàárín wọn kí eegun má baà máa họ eegun. Dísìkì ni àwọn oníṣègùn ń pe ìrọ̀rí yìí. Awọ òde rẹ̀ yi, inú rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì; nígbà tí awọ náà bá ya, yálà nítorí ẹrù wúwo tàbí nítorí ọjọ́ orí, èyí tí ó rọ̀ yóò yọrí síta, yóò tẹ iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ẹsẹ̀, iṣan náà yóò sì wú, yóò gbóná. Dísìkì méjì tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní ìbàdí ni èyí sábà máa ń ṣe. Ọdún 1934 ni Mixter àti Barr, oníṣègùn méjì ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, là á yé ayé pé dísìkì tí ó yọrí síta ló wà nídìí irú ẹsẹ̀ títa bẹ́ẹ̀. Èyí tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ ni pé ara fúnra rẹ̀ a máa jẹ ohun tí ó yọ síta náà díẹ̀díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ara ń tù láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìfi ọ̀bẹ kàn wọ́n. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn oògùn ìwúlé, bí ibuprofen, diclofenac àti piroxicam, kì í ti dísìkì padà sí àyè rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń dí ara lọ́wọ́ láti pèsè èròjà tí ń mú kí ibi tí ó farapa wú kí ó sì máa dunni, gẹ́gẹ́ bí John Vane, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn ní 1971, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1982. Wọ́n ń mú ẹ̀yìn rọ̀ dáadáa ju bí wọ́n ti ń ká ìrora ẹsẹ̀ lọ́wọ́ kò lọ. Owó wọn kò pọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ewu wọn sì wà, nítorí ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ akiri nínú ọkọ̀, tí a di oríṣi mẹ́ta pọ̀ fún un nínú ọ̀rá láìlórúkọ, lè máa lò ó fún oṣù mẹ́fà láìmọ̀ pé ó ń dá ọgbẹ́ sí inú òun, pé ó ń ba kíndìnrín jẹ́, pé ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó, ẹ má lo méjì pọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó kọjá iye ọjọ́ tí dókítà dá. Aboyún, ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìbéèrè.

Ní ti ìtànṣán lésà, oríṣi méjì ló wà, a sì bẹ̀ yín kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọ̀kan fún yín lórúkọ èkejì. Ọ̀kan ni ìtànṣán jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí a ń tàn sórí awọ ara, tí kì í jóni, tí Endre Mester ti ilẹ̀ Hungary ṣàwárí agbára rẹ̀ ní 1967. Kì í pa inú lára bí oògùn, bí a bá sáà ti fi awò bo ojú. Ṣùgbọ́n àlọ-tún-lọ ni, ẹ̀rí tí ó sì wà fún un kò tíì nípọn. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà kà á mọ́ ohun tí a lè gbìyànjú fún ẹ̀yìn ríro ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní 2017, àwọn náà sì sọ pé ẹ̀rí ọ̀hún kéré. Èkejì ni èyí tí a ń gba inú abẹ́rẹ́ kan ti ìtànṣán bọ dísìkì fúnra rẹ̀, tí yóò sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di oru, tí Choy àti Ascher bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Austria ní 1986. Iṣẹ́ abẹ nìyẹn, ẹni tí ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ti kọjá lórí rẹ̀ láìsàn nìkan ni a ń rò ó fún. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Nítorí náà, ìdájọ́ wa ni pé kí a kọ́kọ́ lo oògùn ní ìwọ̀nba fún ọjọ́ díẹ̀, kí a máa rìn, kí a má sì fi ọ̀sẹ̀ gbọọrọ sùn sórí ibùsùn. Ilé ìwòsàn eegun wà ní Ìgbóbì nítòsí wa, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n farapa nínú ogun Hitler. Ẹ lọ bá àwọn oníṣẹ́ físíò irú ibẹ̀ kí wọ́n kọ́ yín ní eré ìmárale tí ó bá ẹ̀yìn yín mu. Bí físíò yín bá fi lésà orí awọ kún un, ó dára, ẹ gbà á bí àfikún. Ṣùgbọ́n ẹ má yá owó èlé nítorí rẹ̀.

Bí abẹ́ yín tàbí àárín itan yín bá kú tipiri, bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde tàbí tí ó ń dà fúnra rẹ̀, tàbí bí ẹsẹ̀ bá ń rọ sí i, ọ̀ràn náà ti kọjá oògùn, ó sì ti kọjá ìtànṣán. Lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru, ẹ gbéra lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá tí ó bá sún mọ́ yín.