Ẹ Má Fín Oògùn Sórí Mángòrò Ẹ̀yìnkùlé Yín

Ta ni kò tíì gé mángòrò tó pọ́n dáadáa rí, kó wá bá ìdin funfun nínú rẹ̀? Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n ra oògùn apakòkòrò, kí wọ́n fín in sórí igi. Ọmọ á he èyí tó já bọ́, kò ní fọ̀ ọ́, á gbé e sẹ́nu. Lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo ti rí ọmọ tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́ṣẹ́: itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń bì, kò sì lè mí dáadáa.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Eṣinṣin ló ń yé ẹyin sábẹ́ èèpo mángòrò, ẹyin yìí ló ń di ìdin. Èyí tó burú jù nínú wọn wá láti Éṣíà. Wọ́n rí i ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2003, ó sì dé Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 2004.

Ṣùgbọ́n eṣinṣin náà ní ọ̀tá. Àwọn agbọ́n tíntìntín kan wà tí kì í ta èèyàn, ara ọmọ eṣinṣin ni wọ́n ń yé sí. Ọmọ agbọ́n á jẹ ẹ́ láti inú títí tó fi máa kú. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo eṣinṣin ló ń gba gbogbo agbọ́n. Nígbà tí àwọn agbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà kan yé sínú ìdin àlejò yìí, ńṣe ni ara ìdin náà ká ẹyin wọn mọ́, ó sì pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi mú agbọ́n mìíràn, Fopius arisanus, wá láti Hawaii, níbi tó ti ń bá eṣinṣin kan náà jà tipẹ́. Èyí kì í dúró de ìdin, inú ẹyin eṣinṣin gan-an ló ń yé sí. Wọ́n ti tú u sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà àti Bẹ̀nẹ̀.

Ẹ wá rò ó wò: oògùn tí ẹ fín lè máà dé ọ̀dọ̀ ìdin tó wà nínú èso, ṣùgbọ́n á pa agbọ́n tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lófẹ̀ẹ́.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe rèé:

1. Ẹ máa ṣa mángòrò tó bá já bọ́ lójoojúmọ́. Ẹ kó o sínú ọ̀rá dúdú tó nípọn, ẹ so ó pa, ẹ gbé e sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan.

2. Ẹ tètè ká èyí tó bá ti gbó, kó tó pọ́n jù lórí igi.

3. Ẹ fọ mángòrò, kí ẹ sì gé e wò kí ẹ tó fún ọmọdé tàbí àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

Bí ọmọ bá ṣèèṣì gbé ìdin kan mì, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe májèlé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ oògùn apakòkòrò ló kó sẹ́nu, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì. Ẹ bọ́ aṣọ tí oògùn ta sí, ẹ fi ọṣẹ fọ ara rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, tẹ̀yin ti ìgò oògùn náà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.