Kí ìyá ẹlẹ́ja tó gbé ọ̀bẹ: ẹ̀kọ́ Ọjà Olúwo fún ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ nílé

Bí ẹ bá ra àrọ̀ ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹni tó máa bá yín tún un ṣe kì í ṣàdédé gbé ọ̀bẹ. Á kọ́kọ́ béèrè: "Ṣé ẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ yan án?" Bó bá jẹ́ ti ọbẹ̀, á gé e kélekèle. Bó bá jẹ́ ti yíyan, á ká a bí òrùka, á sì fi igi há ìrù mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹja kan náà ni, ibi tó ń lọ ló yàtọ̀.

Irú ìbéèrè yẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò bi òṣìṣẹ́ wọn kí wọ́n tó ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ láti ilé.

Báwo ni iṣẹ́ ṣe wọ ilé?

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá nítorí àrùn Kòrónà. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kàn gbé ìṣe ọ́fíìsì wọ ilé bó ṣe wà: aago mẹ́jọ àárọ̀, ìpàdé orí fídíò, "ẹ tan kámẹ́rà yín."

Àmọ́ ọ́fíìsì ló ń san owó iná tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, lítà bẹntiróòlù kan ní Èkó fò láti ìsàlẹ̀ náírà 200 kọjá 480. Ẹni tó ń gbé Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú bọ́ lọ́wọ́ owó ọkọ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ owó jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ní oṣù Kẹta 2024, íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ṣe òṣìṣẹ́ tí ojú rẹ̀ pòórá nínú ìpàdé lọ́jọ́ náà.

Kí ni ìṣètò tó fi ènìyàn ṣáájú?

Bíbéèrè kí a tó ṣe ni, bíi ti ẹlẹ́ja yẹn. Àjọ ISO tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún àgbáyé kọ ìlànà irú ìṣètò yìí sílẹ̀ ní 2010, wọ́n tún un ṣe ní 2019. Ẹ mọ ẹni tó máa lo nǹkan náà àti ibi tó ti máa lò ó; ẹ wá ohun tó nílò; ẹ ṣe é; ẹ jẹ́ kó dán an wò, kí ẹ sì tún un ṣe.

Ní Kúmásì, ní Gánà, àjọ IDEO.org, iléeṣẹ́ Unilever àti àjọ WSUP lo irú ìṣètò yìí fún àwọn ìdílé tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n wọlé tọ̀ wọ́n, wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. Ohun tó jáde ni Clean Team: ìdílé á háyà ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀, òṣìṣẹ́ á máa wá kó ẹ̀gbin rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Kí ni ìwádìí sọ?

Ní 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n Nicholas Bloom ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí Ctrip, iléeṣẹ́ ìrìn-àjò ní Ṣáínà. Oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn òṣìṣẹ́ fi dáhùn ìpè oníbàárà láti ilé, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ wọn fi ìdá 13 nínú 100 lé sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní yàrá tirẹ̀ àti íntánẹ́ẹ̀tì nílé kò lè kópa. Nígbà tó parí, ọ̀pọ̀ ní àwọn fẹ́ padà sí ọ́fíìsì, torí àdáwà sú wọn.

Ta ló ní yàrá tirẹ̀ nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé?

Kí ni ọ̀gá lè ṣe?

Ẹ béèrè: ìgbà wo ni iná máa ń wà? Ta ni ẹ jọ ń gbé yàrá? Ta ló ń ra dátà? Bó bá jẹ́ òru ni iná ń dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ tí kò nílò ìpàdé lóru. Ọ̀rọ̀ tí àkọsílẹ̀ lè jẹ́, ẹ má fi fídíò jẹ dátà. Ẹ fi owó iná kún owó oṣù, tàbí kí ẹ gba yàrá kan tó níná nítòsí wọn. Ẹ dán an wò fọ́sẹ̀ méjì pẹ̀lú èèyàn díẹ̀, kí ẹ tún padà béèrè.

Ìbéèrè kò náni lówó. Ẹja tí a ti gé kélekèle ni kò ṣeé ká mọ́.