Iyán, físà àti ìṣirò àkókò: ìdí tí iṣẹ́ oṣù kẹwàá fi ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ẹ fẹ́ jẹ iyán àti ẹ̀fọ́ rírò, sítóòfù méjì ló sì wà nílẹ̀. Iṣu máa gba ìṣẹ́jú 40 kó tó jinná, ẹ máa fi ìṣẹ́jú 15 gún un. Ẹ̀fọ́ ní tiẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú 30 lọ, orí iná kejì ló sì wà. Ìgbà wo loúnjẹ máa délẹ̀? Ìṣẹ́jú 55. Bí ẹ bá tiẹ̀ sáré se ẹ̀fọ́ ní ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú 55 náà ni. Iṣu àti odó ló ń pinnu ìgbà tí a máa jẹun.

Ọ̀rọ̀ yìí lórúkọ nínú ìmọ̀ ìṣètò iṣẹ́. Wọ́n ń pè é ní critical path, ìyẹn okùn tó gùn jù láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé ìparí rẹ̀. Ní 1957, Morgan Walker ti ilé iṣẹ́ kẹ́míkà DuPont àti James Kelley ti Remington Rand, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, jókòó ti ìṣòro kan ní Amẹ́ríkà: báwo lèèyàn ṣe máa ṣètò iṣẹ́ ńlá láìfi àkókò àti owó ṣòfò? Ìdáhùn wọn ni pé ká kọ gbogbo iṣẹ́ kéékèèké sílẹ̀, ká mọ èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú èyí, ká wá okùn tó gùn jù. Okùn yẹn ni kéèyàn máa ṣọ́. Ìyókù lè dúró díẹ̀, kò ní pa nǹkan kan lára.

Ṣé ẹ ń bi mí pé kí ló kan físà níbẹ̀? Gbogbo ẹ̀ ló kàn án.

Àlejò kan láti Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀ka kẹ́mísìrì ní yunifásítì kan ní UK fẹ́ gba onímọ̀ kan láti Ìbàdàn fún iṣẹ́ ìwádìí ọdún 3. Ó ti gba PhD. Iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá. Físà Skilled Worker ni wọ́n fẹ́ lò. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí:

1. Ìwé àdéhùn iṣẹ́, kí gbogbo ọ̀gá tó yẹ tó buwọ́ lù ú: ọ̀sẹ̀ 2.
2. Ìwé ATAS. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè UK ló ń fún àwọn tó fẹ́ ṣèwádìí nínú ìmọ̀ tí ẹnì kan lè yí padà sí ohun ìjà. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ọmọ Japan ò nílò ẹ̀, ọmọ Nàìjíríà nílò ẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 30, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 6.
3. Certificate of Sponsorship. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ tàn yín, nọ́ńbà lásán ni. Yunifásítì ló ń fi ránṣẹ́: ọ̀sẹ̀ 1.
4. Fọ́ọ̀mù físà àti ọjọ́ tí wọ́n máa tẹ̀ka: ọ̀sẹ̀ 2.
5. Ìdáhùn lórí físà: ọ̀sẹ̀ 3.
6. Tíkẹ́ẹ̀tì, ilé, ẹrù dídì: ọ̀sẹ̀ 2.

Ọ̀sẹ̀ 6 ti ATAS àti ọ̀sẹ̀ 3 ti físà, ìjọba UK ló ní ká fọkàn sí i. Ìyókù, èmi ni mo fojú bù ú. Gbogbo ẹ̀ para pọ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 16. Ẹ kà á sẹ́yìn láti ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá: ọjọ́ 11, oṣù kẹfà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ̀ka náà bá dúró di ọjọ́ 1, oṣù kẹjọ, àlejò ò ní dé títí di ọjọ́ 21, oṣù kọkànlá. Owó ìwádìí sì máa ń ní ọjọ́ tó máa parí. Ó lè jẹ́ pé onímọ̀ náà ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nílé, ó ti kó kúrò nínú ilé tó háyà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Okùn kejì tó fara pamọ́

Ẹni tó bá fẹ́ lò ju oṣù 6 lọ ní UK láti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ kó tó béèrè físà. Wọ́n máa ya fọ́tò àyà ẹ̀. Tí fọ́tò bá mọ́, kò gbà ju bí ọ̀sẹ̀ 1 lọ, inú ọ̀sẹ̀ 6 tí a fi ń retí ATAS ló sì máa parí sí. Ẹ̀fọ́ orí iná kejì nìyẹn.

Àmọ́ tí wọ́n bá rí àmì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ àpá àìsàn tó ti jinná, wọ́n máa gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹ̀ láti fi gbin kòkòrò àrùn náà. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ 8. Kí ló fà á? Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í kánjú. Bakitéríà E. coli lè pín sí méjì ní bí ìṣẹ́jú 20. Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń lo bíi wákàtí 15 sí 20. Kò sí owó tí ẹ lè san kó tètè bí sí i.

Ẹ wá wò ó: ATAS àti nọ́ńbà yunifásítì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 7. Fọ́tò àyà àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 9. Okùn tó gùn jù ti yí padà, àlejò ti pẹ́ ọ̀sẹ̀ 2, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kó lọ ya fọ́tò ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé àdéhùn bá ti dé, láìdúró de ATAS. Oṣù 6 ni ìwé àyẹ̀wò náà ń lò, kò ní tètè kú.

Ẹ tún kíyè sí èdè. Ọmọ tó ka gbogbo ìwé ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì láti jẹ́lé-ó-sinmi, tí kò bá fẹ́ ṣèdánwò èdè, ó ṣì gbọ́dọ̀ gbàwé lọ́wọ́ Ecctis pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní yunifásítì. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é.

Kíá jù náà ò dáa

Ẹnì kan lè ní, ó dáa, ká bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ lọ́dún kan ṣáájú. Kò ṣeé ṣe. Wọn ò ní gba fọ́ọ̀mù físà tó bá ju oṣù 3 lọ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, nọ́ńbà yunifásítì náà sì máa ń kú lẹ́yìn oṣù 3 tí wọn ò bá lò ó. Ohun tẹ́ ẹ lè tètè ṣe ni àdéhùn, ATAS àti èdè.

Owó wá ńkọ́? Láti oṣù kejì 2024, owó ìlera tí àgbàlagbà ń san jẹ́ £1,035 lọ́dún, ti ọmọ tí kò tíì pé 18 jẹ́ £776. Ọkọ, ìyàwó àti ọmọ méjì fún ọdún 3: £10,866. Kí wọ́n tó wọ bàálù ni wọ́n máa san án, lẹ́ẹ̀kan náà, láìka owó físà fúnra ẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀ka tó bá dákẹ́ lórí èyí títí di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn lè pàdánù àlejò ẹ̀, torí owó ló tán, ọgbọ́n ò tán.

Ọ̀nà kan ò sì wọjà. Láti 2020 ni físà Global Talent ti wà. Kò nílò nọ́ńbà yunifásítì, ẹni tó bá gbà á lè pààrọ̀ iṣẹ́ bó ṣe wù ú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìfọwọ́sí, bíi ti Royal Society tàbí British Academy, okùn tuntun nìyẹn náà.

Tó bá jẹ́ ìwọ ni àlejò, má dúró kí wọ́n sọ fún ẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní wọ́n fẹ́ ẹ, bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé iṣẹ́ yìí nílò ATAS? Ta ló ń san owó ìlera èmi àti ìdílé mi? Tí mo bá pẹ́ oṣù kan, ṣé ẹ lè sún ọjọ́ iṣẹ́ síwájú? Lẹ́yìn náà, mú bébà, ya okùn méjèèjì síbẹ̀, kí o sì kà á sẹ́yìn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ rode.