Kíka Àyọkà fún Ìdánwò Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ìdánwò IELTS wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ yunifásítì òkè òkun fi ń mọ ẹni tí wọn yóò gbà, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ní ìpín ìwé kíkà, àyọkà mẹ́ta àti ìbéèrè 40 ni a ó parí ní ìṣẹ́jú 60. Ìdáhùn kan ń bẹ níbẹ̀ tí ó máa ń da àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá láàmú: 'àyọkà kò sọ ọ́'. Ó yàtọ̀ sí 'irọ́', nítorí pé irọ́ ni ohun tí àyọkà ta kò.

Ẹ jẹ́ kí a fi Thomas Estate ní Ajah ṣe àpẹẹrẹ. Bí àyọkà bá wí pé àwọn òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ a máa jí ní agogo mẹ́rin ìdájí kí wọ́n tó lọ sí Erékùṣù Èkó, tí ìbéèrè sì wí pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni ó ń jí wọn, kí ni ẹ ó kọ? Ọmọ Ajah tí ojú rẹ̀ ti rí màbo lọ́nà Lekki yóò kọ 'òótọ́' kíá. Ó ti ṣì í! Àlejò tí kò dé Èkó rí lè gba máàkì náà, nítorí pé ohun tí ó wà lójú ìwé nìkan ni ó mọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń dánra wò, ẹ fi ìka tọ́ka sí gbólóhùn tí ó ti ìdáhùn yín lẹ́yìn. Bí kò bá sí, tí òmíràn kò sì ta kò ó, àyọkà kò sọ ọ́ nìyẹn.